Lẹ́tà láti Mẹ́kà, orúkọ láti Ìbàdàn



Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń kó àwọn ọmọ ilé wa jọ láti kọ́ wọn ní èdè, orin àti ìtàn. Oríṣiríṣi ni àwọn ọmọ náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá wọn. Àwọn kan wà tí ìdílé wọn ti wà ní Amẹ́ríkà láti ayé oko ẹrú. Ọmọ Kúbà wà níbẹ̀, ọmọ òyìnbó méjì tí ìyá wọn jẹ́ olórìṣà náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjókòó, bí ìjà ọmọdé ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún 11 kan, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yorùbá, pe ẹnìkejì rẹ̀ ní "akátá." Ọmọbìnrin tó pè bẹ́ẹ̀ ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni ìyá náà, ó sì ti lé ní 20 ọdún tó ti ń bọ Yemọja. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ ibi tí ọmọkùnrin yẹn ti gbọ́ ọ. Ẹnu àgbà ló ti gbọ́ ọ, nínú ilé, níbi àríyá, nínú mọ́tò. Orúkọ ẹranko inú igbó ni. Àwa tí a wá láti Nàìjíríà la máa ń fi pe àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú lẹ́yìn wọn, tí a bá sì dé agbo ọdún, a ó tún sọ fún wọn pé ọmọ ìyá kan ni wá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn nípa ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà fún ọdún mélòó kan. Ọkọ̀ ojú omi, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, oko ìrèké ní Kúbà, òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà: kò sí èyí tí mi ò kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn débi pé wọ́n gbà pé òyìnbó nìkan ni àrùn náà ń ṣe. Ọmọkùnrin tó bú ẹnìkejì rẹ̀ yìí gan-an ló máa ń gba máàkì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà.

Nítorí náà mo wá ìtàn mìíràn tí mo lè fi kọ́ wọn, Jẹ́dà àti Mẹ́kà ni mo sì ti rí i. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló kan Òrìṣà kan Mẹ́kà. Orúkọ Yorùbá kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, Malcolm X kúrò nínú ẹgbẹ́ Nation of Islam tó ti ń sìn láti nǹkan bí ọdún 12 sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà ń kọ́ni pé ẹ̀mí búburú ni gbogbo òyìnbó láti ìṣẹ̀dá wọn. (Mi ò ní lo ọ̀rọ̀ tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò fún irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.) Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní New York, ó gba Frankfurt àti Káírò, ó sì balẹ̀ sí Jẹ́dà pẹ̀lú aṣọ funfun alábala méjì tí àwọn tó ń lọ sí Hájì máa ń ró. Ibí yìí ni àwọn ọmọ máa ń dá mi dúró láti béèrè bóyá aṣọ Ọbàtálá ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé rárá, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, ọ̀tọ̀ ni tiwa.

Wọ́n dá Malcolm dúró ní pápákọ̀ òfuurufú. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní àfi kí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Hájì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Mùsùlùmí òdodo ni. Wọ́n fi í sí ilé tí àwọn èrò Hájì ń sùn sí nítòsí ibẹ̀. Kò gbọ́ èdè Lárúbáwá. Ọkùnrin tó ti ń wàásù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń kírun. Amọ̀nà rẹ̀ ní láti kọ́ ọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dùn ún. Mo fẹ́ràn apá yìí láti sọ fún àwọn ọmọ, pàápàá nígbà tí àwọn òbí wọn bá wà níbẹ̀. Ẹni tó ti dàgbà kó tó wọ ilé Òrìṣà mọ bó ṣe ń rí, kí ọmọ ọdún mẹ́fà máa wo ni bí a ṣe ń tiraka láti dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ó wá rántí nọ́ńbà fóònù kan tí wọ́n ti fún un kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà Omar Azzam ni, ọmọ Abd al-Rahman Azzam tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. Omar wá, ó gbà á sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì kó jáde nínú yàrá tirẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Jeddah Palace kí àlejò lè rí ibi sùn. Ẹnu ya Malcolm. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, òyìnbó ni wọn ì bá ka Azzam sí. Ọkùnrin yìí ò sì ní èrè kankan tó fẹ́ jẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Faisal, tó jẹ́ àrẹ̀mọ ọba nígbà náà, sọ Malcolm di àlejò ìjọba. Wọ́n fún un ní mọ́tò àti amọ̀nà, ó sì lọ ṣe Hájì rẹ̀ ní Mẹ́kà.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ó sọ níbẹ̀ pé òun ti bá àwọn tí àwọ̀ wọn funfun jù lọ jẹun pọ̀, òun sì ti gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun tí òun rí sì ti mú kí òun tún èrò òun tò. Bí mo ṣe máa ń là á yé àwọn ọmọ ni pé ó rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní funfun ní Amẹ́ríkà, ìwà ni, àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín agbára. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan awọ ara.

Lẹ́tà yẹn ni wọ́n máa ń kà fún ọmọ iléèwé tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ wọn nípa Malcolm, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì máa ń dúró sí. Ó ti bínú, ó rìnrìn àjò, ojú rẹ̀ là. Ìtàn tó dùn ni, mi ò sì sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń lò ó láti fi pa ọmọ dúdú lẹ́nu mọ́: Malcolm pàápàá yí padà, kí ló dé tí ìwọ ò tíì yí padà?

Nísinsìnyí, tí mo bá ka lẹ́tà náà tán, mo máa ń kọ "November 1962" sára bọ́ọ̀dù. Oṣù yẹn ni Faisal kan náà, gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, kéde pé níní ẹrú ti di èèwọ̀ ní Saudi Arabia. Àwọn ọmọ á ṣírò rẹ̀: láti ìgbà náà sí ìgbà tí Malcolm dé Jẹ́dà, oṣù 17 ni. Ní Kúbà, ọdún 1886 ni níní ẹrú dópin pátápátá, ní Brazil ọdún 1888. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí Malcolm ń gba ìgboro Jẹ́dà kọjá nínú mọ́tò ìjọba, àwọn tó ti jẹ́ ẹrú lọ́dún méjì sẹ́yìn wà ní ìgboro kan náà, dúdú sì ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́tà rẹ̀ ò dárúkọ wọn. Àlejò ọba ni, àlejò kì í sì í yẹ ẹ̀yìn ilé onílé wò. Mi ò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n mi ò ní fi pamọ́ fún àwọn ọmọ.

Ta ni àwọn ẹrú wọ̀nyẹn? Láti Ethiopia, Sudan àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn aláwọ̀ pupa láti Baluchistan náà wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan tún wà tó kan ilẹ̀ tiwa. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn Mùsùlùmí láti ilẹ̀ Hausa, Bọ̀rnó àti Mali ti ń fi ẹsẹ̀ rìn gba Sudan kọjá, tí wọ́n ń wọkọ̀ ojú omi lórí Òkun Pupa lọ sí Jẹ́dà. Àwọn mìíràn á lo ọdún mélòó kan lọ́nà, wọn á máa dáko, wọn á máa bímọ. Àwọn kan ò sì padà mọ́. Lọ́dún 1960, wọ́n sọ nílé ìgbìmọ̀ àwọn olóyè ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ọlọ́rọ̀ kan ń mú ẹrú dání lọ sí Hájì, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó ọ̀nà bá ṣe ń tán. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: dúdú ló ń ta dúdú nínú ọ̀rọ̀ yìí, lọ́nà ibi mímọ́.

Àwọn ọmọ àwọn tó dúró sí Mẹ́kà àti Jẹ́dà ti di ọmọ onílùú lónìí. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ìdílé bíi Hawsawi, Barnawi àti Fallata, orúkọ ilẹ̀ tàbí ẹ̀yà tí àwọn baba wọn ti wá. Wọ́n tún máa ń pè wọ́n ní Takruni, láti ara orúkọ Takrur, ìjọba àtijọ́ kan lẹ́bàá odò Senegal. Orúkọ lásán ni fún àwọn kan, fún àwọn mìíràn èébú ni, ó di ọwọ́ ẹni tó ń pè é àti bó ṣe pè é. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni "abd," tó túmọ̀ sí ẹrú. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Abdullahi, tó jẹ́ orúkọ iyì nílẹ̀ Yorùbá títí di òní. Nígbà tí èèyàn bá jẹ́ ẹrú Ọlọ́run, iyì ni. Nígbà tí ará àdúgbò bá fi pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó di nǹkan mìíràn. Nawal al-Hawsawi, obìnrin dúdú tí wọ́n bí ní Mẹ́kà, fẹjọ́ sun nígbà tí obìnrin kan pè é ní ẹrúbìnrin ní gbangba. Obìnrin náà tọrọ àforíjì, Nawal sì jọ̀wọ́ ẹjọ́ náà. Ọdún 2008 ni ọba yan Adil al-Kalbani, ọkùnrin dúdú, láti máa ṣíwájú ìrun alẹ́ oṣù Ààwẹ̀ ní mọ́sáláṣí ńlá Mẹ́kà. Àwọn kan ń fi í wé Obama, tó wọlé ìbò lọ́dún kan náà. Ohun méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo láàárín ọdún mélòó kan síra wọn.

Ẹni tó bá sì rò pé ohun tuntun ni, kó wo Bilal. Ẹrú ni ní Mẹ́kà, ará Ethiopia ni ìyá rẹ̀. Olówó rẹ̀ gbé òkúta lé e láyà nínú oòrùn kó lè sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Abu Bakr rà á, ó dá a sílẹ̀, òun ló sì di ládànì àkọ́kọ́. Lọ́dún 630, nígbà tí wọ́n gba Mẹ́kà, ó gun orí Kaaba lọ, ó pe ìrun níbẹ̀, lójú àwọn ọlọ́lá tó ti máa ń rí i bí ẹrú. Gbogbo ọmọ Mùsùlùmí ló mọ ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ ni pé Abu Dharr, tóun náà jẹ́ ẹni ńlá nínú ẹ̀sìn yẹn, fi ìyá ọkùnrin kan bú u. Ìtàn wọn sọ pé Bilal ni ọkùnrin náà, pé dídúdú ìyá rẹ̀ sì ni wọ́n fi bú u. Ànábì bá Abu Dharr wí pé ìwà ayé àìmọ̀kan ṣì wà lára rẹ̀. Abu Dharr kì í ṣe ọ̀tá. Ará nínú ẹ̀sìn ni, wọ́n jọ jìyà pọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì ṣì sọ ọ́.

Malcolm pàápàá rí nǹkan kan ní Mẹ́kà tí àwọn tó ń ka lẹ́tà rẹ̀ kì í sábà sọ. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1965 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sọ pé àwọn tó jọra ló máa ń kóra jọ láàárín èrò: àwọn ará Áfíríkà lọ́dọ̀ ara wọn, àwọn ará Pakistan lọ́dọ̀ ara wọn. Ní tirẹ̀, kò rí i bí ibi, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó ń fi agbára yà wọ́n. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ, wọ́n yíjú wo ara wọn. Báyẹn gan-an ni wọ́n ṣe jókòó: ọmọ Nàìjíríà lápá ọ̀tún, ọmọ Kúbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orí ìjókòó náà sì ni ìjà ọjọ́ kìíní ti bẹ̀rẹ̀.

Láti Saudi Arabia, Malcolm gba Beirut, ó sì dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ó sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Trenchard ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. E. U. Essien-Udom, tó ti kọ ìwé lórí ẹgbẹ́ Nation of Islam ṣáájú, wà lára àwọn olùkọ́ yunifásítì náà nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà gbà á sínú ẹgbẹ́, wọ́n sì fún un lórúkọ: Ọmọ́wálé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò tíì gba iyì kankan tí òun mọyì tó o. Nítorí náà, ọkùnrin tí ilé ẹjọ́ Jẹ́dà yẹ̀ wò bóyá ẹni tó yẹ ni, àwọn ọmọ Ìbàdàn ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá kí wọ́n tó pè é ní ọmọ.

Ọmọbìnrin tí wọ́n pè ní akátá ti padà wá nígbà tí a dé ibí yìí nínú ìtàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi wá. Mo ṣàlàyé orúkọ náà, mo fi òwe tì í, pé ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́. Ó ní: "Tó bá jẹ́ pé ó wálé, ta ló mú un kúrò nílé?"

Mo ti múra ìdáhùn nípa òyìnbó àti ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mi ò sọ ọ́.

Mo sọ fún un nípa Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń wó lọ. Ogun ni iṣẹ́ àwọn olórí rẹ̀, ẹrú sì ni èrè ogun. Oko Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kú lọ́dún 1874, kún fún ẹrú. Láti inú ogun wọ̀nyẹn àti èyí tó ṣáájú wọn ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn lọ sí Èkó àti Wídà, láti ibẹ̀ sí Havana àti Bahia. Báyìí ni Ṣàngó ṣe dé Kúbà. Báyìí ni Yemọja ṣe dé Brazil. Ẹni tó gbé Òrìṣà kọjá òkun, ẹni tí wọ́n tà ni, àwọn tó sì tà á, àwọn kan nínú wọn ń bọ Òrìṣà kan náà. A kì í sábà sọ èyí sókè nígbà tí a bá ń kí àwọn ará òkè òkun káàbọ̀ sí Òṣogbo.

Ọ̀kan nínú àwọn òbí sọ pé ìyẹn ti le jù fún ọmọdé. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ló béèrè.

Mo tún sọ fún wọn pé àwọn ọkọ̀ tó lọ sí Amẹ́ríkà àríwá, láti Senegal, Congo àti ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni Yorùbá tó wà nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ò sì wádìí ìran Malcolm kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fi orúkọ náà sọ ọ́ di ti wọn ni, bí a ṣe ń fi orúkọ sọ ìyàwó ilé tàbí àlejò di ará ilé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló ń jẹ́ Ọmọ́wálé, Yétúndé tàbí Ifáwálé lọ́nà yìí kan náà.

Ní New York níbi tí Malcolm padà sí, Oseijeman Adefunmi ti dá Yoruba Temple sílẹ̀ ní Harlem láti ọdún 1960. Kúbà ló ti gba Òrìṣà, ní Matanzas, lọ́dún 1959. Ó kó àwòrán ẹni mímọ́ ìjọ Páádì kúrò lójúbọ, torí pé lójú rẹ̀, ojú funfun tí wọ́n fi bo Ṣàngó, ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ti wọ inú ojúbọ ni. Inú bí ọ̀pọ̀ àgbà Kúbà, tí wọ́n mọ̀ pé abẹ́ àwòrán wọ̀nyẹn ni àwọn baba wọn fi Òrìṣà pamọ́ sí kó má bàa kú. Lọ́dún 1970 ó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina. Ìjà náà kò tíì tán, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n nílé yín. Èmi ò gbà pé awọ ara ni yóò sọ ẹni tó lè kúnlẹ̀ níwájú Ọbàtálá, ẹni tó mọ àfín, tó mọ abuké, tó sì ní tòun ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí àwọn kan fẹ́ràn, pé Òrìṣà kì í wo àwọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn. Bí wọ́n ṣe ń lo lẹ́tà Mẹ́kà náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí a parí ẹ̀kọ́ náà, ìyá ọmọbìnrin yẹn jókòó sáàárín àwọn ọmọ, kò jókòó sẹ́yìn mọ́. Ó sọ àwọn orúkọ tí wọ́n ti pe òun fún wọn, èyí tí òyìnbó pè é nígbà tó wà ní kékeré, àti èyí tí ọmọ Nàìjíríà kan pè é níbi iṣẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọkùnrin ọdún 11 náà, ó ní kó sọ ìtumọ̀ Ọmọ́wálé fún òun. Ọmọ náà sọ ọ́ láìṣì í. Obìnrin náà béèrè pé, "Ṣé èmi náà ti wálé?"

Ọmọ náà wojú mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Obìnrin náà ní òun ti dárí jì í láti ọjọ́ tí òun ti padà wá, ìdáhùn lòun ń dúró dè.